OJÚGBỌ̀NÀ ÀTI Ẹ̀RỌ: ÌTÀN BÍ OHÙN IFÁ ṢE Ń TI ẸNU DÉ ETÍ NÍ ILẸ̀ ÌKÁLẸ̀



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń lọ lábẹ́lẹ̀ láàrin àwa awo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Ìkọyà, láti Òde Ìrèlè dé Ilútitun. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ Ifá ń bèèrè pé kí ni ó kù tí olúwo lè kọ́ni tí fóònù kò lè kọ́ni. Wọ́n ní 256 odù náà ti wà nínú fóònù, ẹsẹ wà níbẹ̀, ẹbọ wà níbẹ̀. Kí ni a tún ń jí ní ìdájí lọ gbálẹ̀ ilé olúwo fún? Àwọn àgbà kan fi ìbínú dá wọn lóhùn, àwọn mìíràn fi ẹ̀rín. Ìbínú kì í ṣe ìdáhùn, ẹ̀rín náà kì í ṣe ìdáhùn. Ìbéèrè yìí ní ìtàn nínú, ìtàn ọ̀hún ni a sì fẹ́ tú palẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí: bí ohùn Ifá ṣe ń ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí etí ẹlòmíràn, ohun tí ìwé ṣe sí i, ohun tí tépù ṣe sí i, àti ohun tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn èwe ń pè ní AI, ń ṣe sí i lónìí.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ara èdè, torí pé inú èdè ni Ifá ń gbé. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Abíọ́dún Adétúgbọ̀ ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1967, ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ọ̀nà mẹ́ta: ti Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, ti Àárín, àti ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ẹ̀ka kẹta yìí ni Ìkálẹ̀ wà, àwa àti Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú. Ibi tí ará Ọ̀yọ́ bá ti ń pe "w" nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan, àwa ṣì ń pe "gh", ìró kan tí ó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde wá, tí kò sì ní lẹ́tà kankan nínú ábídí tí wọ́n fi ń kọ́mọ níwèé. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé "gh" yìí ni ó ti wà tẹ́lẹ̀ rí, pé àwọn yòókù ni wọ́n sọ ọ́ nù. Èyí tí wọ́n ń pè ní ọmọ, ọma ni lẹ́nu tiwa.

Ohun mìíràn wà tí ó tún lágbára ju ìyẹn lọ. Ní ẹ̀ka-èdè tiwa, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ fún "ẹ̀yin" àti èyí tí ó wà fún "àwọn" ti di ọ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ní "Àn án wá," ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ wá, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ni wọ́n wá. Ọ̀yọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀: "ẹ wá" àti "wọ́n wá." Báwo ni ẹni tí ó ń gbọ́ ṣe ń mọ èyí tí a ń sọ? Ojú ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ó ń wo ẹni tí wọ́n kọjú sí, ó ń wo ibi tí ọwọ́ ń nà sí, ó mọ ẹni tí ó ti dé àti ẹni tí kò tíì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà kàn án.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọma awo? Ẹ̀yin tí ẹ ti la ọ̀nà náà kọjá kò nílò kí a ṣe é ní àlàyé púpọ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lé e lọ́wọ́, kí ojú rẹ̀ lè mọ Ogbè yàtọ̀ sí Ọ̀yẹ̀kú, kí ó mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí apá òsì. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ, díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, pẹ̀lú ẹbọ tí ó bá a lọ àti ewé tí ó bá a lọ. Ọdún mẹ́wàá kò tó fún ẹlòmíràn. Ohun tí àwọn tí kò dé ibẹ̀ kì í mọ̀ ni pé kíka ẹsẹ síta kọ́ ni iṣẹ́ olúwo tí ó le jù. Èyí tí ó le ni gbígbọ́. Ọma yóò wí, olúwo yóò dákẹ́, yóò dijú bí ẹni tí ń sùn, àfi bí ọma bá gbé ohùn kan sókè níbi tí kò yẹ, tí ojú bàbá là lójijì. Olúwo tí ó gbọ́n á sì mọ irú àṣìṣe tí àṣìṣe jẹ́: èyí tí ọma ṣe nítorí pé kò mọ̀ ọ́n, èyí tí ó ṣe nítorí pé ebi ń pa á, àti èyí tí ó ṣe nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéraga. Oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ ohùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ẹni tí Ifá bá ní kí ó rú igba nǹkan, tí wọ́n gbọ́ ọ sí igbá, á lọ kó igbá wá. Ìgbá tí a ń jẹ tún ń bẹ nílẹ̀, ìgbà pẹ̀lú ń bẹ. Ẹgba ni a fi ń na ọmọ, ẹ̀gbà sì ni àrùn tí ń rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá rí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ yóò máa méfò ni. A kò sọ pé kò lè mefò dáadáa. Ìméfò ni ṣáá.

Wàyí o, ẹ má jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé AI ni nǹkan àkọ́kọ́ tí yóò bọ́ sí àárín olúwo àti ọma. Kálàmù ni àkọ́kọ́. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875 ni àwọn ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé lé ìpìlẹ̀, òun ni ó di ti Bíbélì, òun náà ni ó di ti iléèwé. Nígbà tí iléèwé fi dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìkálẹ̀, Yorùbá tí olùkọ́ mú wá kì í ṣe ti ìyá ọmọ. Ọmọ tí ó bá pe "gh" nínú kíláàsì, ó ti ṣìpè nìyẹn. Wọ́n gbé Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ lé e lọ́wọ́, ìwé tó dára ni, a kò ní sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní láti kọ́ èdè inú rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ èdè ilẹ̀ kejì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan bá ń yin olùkọ́ tí ó jẹ́ ènìyàn bí ẹni pé kò pa ẹ̀ka-èdè kankan rí, a máa ń wo wọ́n lójú ni. Olùkọ́ ènìyàn ni ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn bàbá wa pé ẹnu wọn kò dáa.

Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan wà. Olùkọ́ ọjọ́un ń gbé ìlú. Ó ń ra iṣu lọ́jà Òkìtìpupa, ó ń fẹ́yàwó níbẹ̀, ọdún mẹ́ta kò ní pé kí ẹ tó gbọ́ "ọma" lẹ́nu òun náà. Ìlú ń kọ́ ọ bí ó ti ń kọ́ ìlú.

Ìtàn E. M. Líjàdù fi èyí hàn kedere. Oníwàásù ìjọ CMS ni, ìlú Oǹdó tó múlé gbè wá sì ni ó ti ṣiṣẹ́. Ó tẹ ìwé méjì jáde lórí Ifá, ọ̀kan ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e. Kì í ṣe nítorí àti gbé Ifá ga ni ó ṣe kọ wọ́n. Ó fẹ́ fi Ifá ṣe àkàbà lọ sí ibi ẹ̀sìn tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè kọ gbólóhùn kan, ó ní láti lọ jókòó síwájú babaláwo, kí ó máa bi í, kí ó máa gbọ́. Kò sí ìwé tí ó lè kà tí yóò fi rí i. Pásítọ̀ tí ó wá yí babaláwo lọ́kàn padà ni ó di akẹ́kọ̀ọ́ babaláwo. Àwa awo Ìkálẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá dé ibí yìí nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Líjàdù pẹ̀lú, nítorí pé ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi Ifá sí inú ìwé lédè Yorùbá.

Lẹ́yìn kálàmù ni tépù-rẹ́kọ́dà. Ní àwọn ọdún 1960 ni Wándé Abímbọ́lá gba ohùn àwọn babaláwo sílẹ̀, tí ó fi tẹ apá kìíní Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, tí apá kejì tẹ̀lé e ní 1969. Nínú àwọn tí ó jókòó tì ni Awótúndé Awórìndé ti Òṣogbo àti Oyèédélé Ìṣọ̀lá ti Ilé Beèsin ní Ọ̀yọ́. Ní 1969 kan náà ni William Bascom, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ńlá tirẹ̀ jáde lórí Ifá, èyí tí ó gbé ka ohun tí ó gbọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1937 wá. Iṣẹ́ ribiribi ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ: Ọ̀yọ́, Òṣogbo, Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó ti babaláwo Ìkálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a tẹ̀ jáde ni ayé ń kà; ohun tí ayé ń kà ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ; ohun tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ ń sọ. Nígbà tí ọma kan ní Òkìtìpupa bá bi fóònù rẹ̀ léèrè nípa Ifá, Ọ̀yọ́ ni ó máa ń dá a lóhùn, àbí ká kúkú sọ pé òjìji Ọ̀yọ́ ni.

Ẹnì kan lè ní, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ni èyí? Ifá kan náà kọ́ ni bí? Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ìbò.

Gbogbo awo mọ̀ pé àwọn odù ní ipò àgbà. Nínú ìtò tí Abímbọ́lá kọ, tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú ìwé, lẹ́yìn Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí, Ìrosùn ni ó wà ní ipò karùn-ún, Ọ̀wọ́nrín ṣìkẹfà, Ọ̀bàrà ṣìkeje, Ọ̀kànràn ṣìkẹjọ. Ṣùgbọ́n nínú ìtò Ifẹ̀ tí Bascom kọ sílẹ̀, Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ni wọ́n ṣáájú, tí Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín wá tẹ̀lé wọn. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Oníbèéèrè ti di ìbò sí ọwọ́ méjèèjì, owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní èkejì. Ẹ dá a lẹ́ẹ̀kíní, Ọ̀bàrà Méjì jáde. Ẹ dá a lẹ́ẹ̀kejì, Ìrosùn Méjì jáde. Odù tí ó bá jẹ́ àgbà ni ó ń sọ ọwọ́ tí a ó ṣí. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilé tí ó ń tẹ̀lé ìtò Ifẹ̀, Ọ̀bàrà ni àgbà, ọwọ́ kan ni ẹ ó ṣí. Bí ẹ bá ń tẹ̀lé èkejì, Ìrosùn ni àgbà, ọwọ́ kejì ni ẹ ó ṣí. Ikin kan náà, odù kan náà, ọjọ́ kan náà: ọ̀kan sọ pé ire, ọ̀kan sọ pé ibi. Ọ̀kan ní kí aláìsàn dúró nílé, ọ̀kan ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Èwo ni ó tọ̀nà nínú méjèèjì? Ìdáhùn àwọn àgbà ni pé èyí tí olúwo rẹ fi lé ọ lọ́wọ́ ni ó tọ̀nà, nítorí pé Ifá tí ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ mọ èdè ilé tí ìwọ ti wá. Ọma tí ó bá kọ́ ìtò lọ́dọ̀ olúwo, tí ó tún lọ gba ìtò mìíràn nínú fóònù, tí ó pa méjèèjì pọ̀ láìmọ̀, ọma bẹ́ẹ̀ ti di ewu fún ẹni tí ó bá wá bi í léèrè. Ẹ̀rọ náà kò purọ́ fún un o. Ìtò tí ó wọ́pọ̀ ni ó sọ. Kò bi í pé ilé ta ni o ti wá ni.

Ohun tí ó sì mú kí ìbéèrè "ilé ta ni" yìí wúwo láàrin wa nìyẹn. Ẹ wo bí a ṣe to ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀. Abímbọ́lá ṣàlàyé pé apá mẹ́jọ ni ẹsẹ Ifá lè ní, orúkọ awo tí ó dífá sì ni apá àkọ́kọ́, kí a tó gbọ́ orúkọ ẹni tí a dífá fún, kí a tó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kí ẹsẹ tó sọ ohunkóhun, ó ti kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàrin awo: bí àríyànjiyàn bá dé lórí ẹsẹ kan, wọ́n á ní, "Ta ni ojúgbọ̀nà rẹ?" Ẹni tí ó bá ní ojúgbọ̀nà ní ẹni tí yóò bá a jẹ́jọ́.

A gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ Kúbà àti Bùràsílì kún un, bí a ò tilẹ̀ ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé èdè lọ. Lukumí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni òwò ẹrú sí ibẹ̀ dúró, àwọn tí ó gbọ́ èdè náà láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn ọmọ wọn sì fi ọ̀rọ̀ sínú ìwé kékeré alákọsílẹ̀, ní àkọtọ́ èdè Sípéènì, láìsí àmì ohùn. Ní 1957 ni Lydia Cabrera kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ sínú ìwé tí ó pè ní Anagó. Ẹ ka ìwé náà, ẹ ó mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ibòmíràn ẹ ó máa fi orí họ, torí pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ti lọ. Kì í ṣe ẹ̀gàn ni a ń sọ. Ohun tí àwọn ará Kúbà fi ìwé kékeré gbà là kúrò nínú oko ẹrú pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà là nínú òmìnira lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni fún wa nípa ohun tí àkọsílẹ̀ lè tọ́jú àti ohun tí kò lè tọ́jú.

Ní Bàhíà, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Martiniano Eliseu do Bonfim, tí wọ́n bí ní 1859, bá bàbá rẹ̀ wá sí Èkó ní 1875, ó gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, ó kọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó padà sílé ní 1886, ó sì di babaláwo tí gbogbo ìlú ń wá títí tí ó fi kú ní 1943. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó tún ti ń jẹun. Nígbà tí yunifásítì Bàhíà dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn sílẹ̀ ní 1959, kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe E. L. Láṣebìkan láti Ìbàdàn kí ó wá kọ́ wọn ní Yorùbá. Àwọn ọmọ òòṣà wà lára àwọn tí ó jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n ti ní ìwé. Etí tí yóò gbọ́ wọn ni wọ́n ń wá.

A dé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wàyí. Oṣù Kejìlá 2013 ni Google Translate fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀, òun àti Haúsá àti Ìgbò. Ní òpin oṣù Kọkànlá 2022 ni ChatGPT jáde, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ. Fún awo, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ka òkè àìmọye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀, wọ́n ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń fi ìyẹn hun gbólóhùn. Èdè tí a ti kọ púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n sọ. Èyí tí a kò kọ sílẹ̀, wọn ò ní ibi tí wọ́n á ti gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí ó kan àwa gan-an. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí Orevaoghene Ahia ṣáájú wọn gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n pè ní YORÙLECT. Wọ́n rìnrìn àjò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ àwọn ẹ̀ka-èdè, wọ́n gba àwọn tó ni èdè sí iṣẹ́, wọ́n kó ọ̀rọ̀ àti ohùn jọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán àwọn ẹ̀rọ wò: títúmọ̀ ọ̀rọ̀, àti kíkọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ṣe dáadáa díẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ó sì kọsẹ̀ gidigidi nínú àwọn mẹ́ta yòókù. Nígbà tí wọ́n wá fi ohùn àwọn onílé tún un kọ́, àlàfo náà dín kù.

Ìlàjẹ ni aládùúgbò wa, ẹ̀ka-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn kan náà ni wá. Ìkálẹ̀ kò sí nínú àkójọ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe Ìlàjẹ kò lè ṣàì ṣe wá. Ẹ rántí "Àn án wá." Ta ni ẹ̀rọ yóò wo lójú kí ó tó mọ ẹni tí ó wá? Ẹ sì kíyè sí ohun tí ó dín àlàfo náà kù. Àwọn ènìyàn ni, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń la ẹnu, tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ èdè, olùkọ́ èdè ni ó ń wá kiri.

Èyí tí ó bà wá nínú jẹ́ jù kò sí nínú ìwé ìwádìí kankan. Bí ènìyàn bá bèèrè ẹsẹ lọ́wọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ odù tí ìwé kò sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, kì í sábà sọ pé òun kò mọ̀. Ó máa ń ṣẹ̀dá ọ̀kan ni. Á dárúkọ awo mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, á ní wọ́n dífá fún ẹnì kan, á ní kí ó rúbọ, ó rúbọ, ó yè. Ó mọ bí ẹsẹ ṣe máa ń rí. Kò mọ ẹsẹ. Láàrin wa, ẹni tí ó bá hùmọ̀ ẹsẹ tí ó pè é ní ti Ifá ti ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí a kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ta ni a ó pè síwájú Ifá fún irú èyí? Ọma tí ó ka ẹsẹ náà síta, tí ó sì gbà á gbọ́, ni yóò forí kó o.

A kò ní tìtorí èyí lé ẹ̀rọ síta. Ó wúlò. Ó ń bá wa tò 256 odù kí a lè wá ohun tí a gbà sílẹ̀ ní kíá. Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí kò ní olúwo nítòsí, lè fi kọ́ bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń ka iye, ní òru tí olùkọ́ kankan kò jí. Kì í sú u, kì í bú ọmọ. Àwọn àgbà wa kan, ká sọ òótọ́, ń bú ọmọ jù, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó lé àwọn ọ̀dọ́ lọ sídìí fóònù. Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Olúṣẹ́gun Agagu wà níhìn-ín ní Òkìtìpupa. Kò sí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kò fi ní jókòó pẹ̀lú àwa awo.

Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni pé kí àwọn aláṣẹ máa rò pé nígbà tí ẹ̀rọ ti dé, olùkọ́ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ìtàn orílẹ̀-èdè wa lórí èyí kò fini lọ́kàn balẹ̀. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ó gbà tó àádọ́ta ọdún kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá 2022 pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn olùkọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà kò tíì pọ̀ tó tí wọ́n fi pa á tì.

Ti Ifá kò yàtọ̀. Nígbà tí UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye àjogúnbá gbogbo aráyé, tí wọ́n sì fi í sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008, wọ́n sọ ọ́ kedere pé àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ babaláwo, pé agbára tí wọ́n ní láti fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò tó nǹkan. A fi ijó àti ìlù gba ìròyìn yẹn. Ta ni ó ń bọ́ olúwo tí ó ní ọma mẹ́rin nílé? Láyé àtijọ́, oko ni ọma awo fi ń sanwó: yóò bá olúwo ro ilẹ̀, yóò bá a kọ òkìtì iṣu. Ọma òde òní ń lọ síléèwé, ó ń gun ọ̀kadà. Kò ro oko mọ́, kò sì mú owó wá dípò rẹ̀. Olúwo sì ń jẹun o.

Nítorí náà ni a ṣe gbé àbá mẹ́ta síwájú Ìgbìmọ̀. Èkíní, kí a gba ohùn àwọn àgbà awo Ìkálẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí a kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é, "gh" àti gbogbo rẹ̀, kí orúkọ olúwo kọ̀ọ̀kan àti ti ojúgbọ̀nà rẹ̀ wà níwájú ohun tí ó sọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ, kí ó sì sanwó fún ẹni tí ó ni ohùn. Èkejì, kí a máa fún olúwo tí ó bá gba ọma ní nǹkan lóṣooṣù láti inú àpò Ìgbìmọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan ni yóò máa fi kọ́ni. Ẹ̀kẹta ni pé kí a kọ ìtò odù tí ilé kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé fún ìbò sílẹ̀, kí ọma lè mọ̀ nígbà tí ohun tí ó kà bá ta ko ti ilé rẹ̀.

Àbá kẹta yìí ni ó dá awuyewuye sílẹ̀ jù. Àwọn kan ní ohun ilé ni ìtò ìbò, pé bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi wọ inú ẹ̀rọ. Àwọn kan ní bí a kò bá kọ ọ́, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yóò kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwa tí a kọ àpilẹ̀kọ yìí kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ẹ̀yin olúwo tí ẹ ní ọma nílé lọ́wọ́, ẹ kọ èrò yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé Ìgbìmọ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ sọ ìtò tí ilé yín ń tẹ̀lé, tàbí ìdí tí ẹ kò fi ní sọ ọ́.